Ọdún tí Tanwíjí Kọ̀ láti Pa Wá Lẹ́rìn-ín

Bí ẹ bá pàdé bàbá mi lójú ọ̀nà oko ní Ìpótì lónìí, tí ẹ kí i, tí ó sì sọ fún yín pé inú ń run òun láti àná, ẹ̀rín ni ẹ ó fi dá a lóhùn. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ojú rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì nà síta bí ewé kókò, ọrùn rẹ̀ gùn ju èyí tí orí rẹ̀ nílò lọ, ojú rẹ̀ òsì sì máa ń ṣe bí ẹni pé ó ń dúró de ọ̀tún kí wọ́n jọ ṣẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìjerò ló mọ̀ ọ́n sí Tanwíjí, nítorí pé tó bá ń jó, bíi kòkòrò kékeré yẹn tí ó máa ń lọ́ ara rẹ̀ nínú omi àmù tí wọn kò bò ló ń ṣe. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Èsékíẹ́lì. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà á sì rẹ́rìn-ín tó bá pè é tán.

Ilé wa, tàbí ulé wa, bí Yèyé tó bí bàbá mi ṣe ń pè é, jẹ́ ilé alámọ̀ gígùn kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ iwájú rẹ̀ nítorí àlejò, tí wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Láàárọ̀, ìró ìgbálẹ̀ ìyá mi ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Tíṣà ni ìyá mi, ó sì máa ń gbálẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Yèyé á máa bú àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ. Tó bá di ìgbà kòkó, a ó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ tú u ká lórí ẹní, ṣàà, ṣàà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni gbì. Bàbá mi ló ṣubú yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, eré apanilẹ́rìn-ín ló ń ṣe. Láti orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ló ti ń kọ́ ọ: ìṣubú ọ̀mùtí, ìṣubú ẹni tó rí àna rẹ̀ lójijì, ìṣubú ẹni tó fẹ́ jókòó tí wọ́n sì ti gbé àga lọ. Àlejò tí kò bá mọ̀ á fò dìde, Yèyé á ní, "Ẹ jókòó, uṣẹ́ ló ń ṣe." Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n ṣa òkúta kúrò níbi tí yóò ṣubú sí kí n tó lọ sílé-ìwé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn ọmọ yòókù kì í ṣe irú iṣẹ́ ilé bẹ́ẹ̀.

Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò ṣeé bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ. Lọ́jọ́ ìkórè kan, wọ́n ní kí ó ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Ẹkún Jeremáyà ni wọ́n fún un. Kò tíì jìnnà tí àwọn akọrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àlùfáà wa, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín níbi ìgbéyàwó pàápàá, gbé ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ sì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń kàwé ni. Nígbà tó padà sórí ìjókòó, ó bi ìyá mi pé, "Kí ni mo ṣe?" Ìyá mi ti fi áńkáṣífù dí ẹnu. Ní ilé-ìwé, tíṣà tó bá fẹ́ nà mí á kọ́kọ́ bi mí pé báwo ni Tanwíjí, á rẹ́rìn-ín dáadáa, á sì wá nà mí. Mo máa ń jowú ọmọ alápatà. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ẹran kí wọ́n tó nà án. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn, ìyá mi ṣì ń fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, mo wà ní kíláàsì karùn-ún. Ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn, Múyìwá lorúkọ rẹ̀, ó máa ń darí fíìmù. Ọkọ̀ rẹ̀ ti hó lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ó tún hó ní Arámọkọ, nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, òun fúnra rẹ̀ ló kù kí ó hó. Yèyé gbé iyán síwájú rẹ̀ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni tán. Ó bu òkèlè kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá torí Tanwíjí. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá rí."

"Àwa méjèèjì la jọ ń gbé ibí," bàbá mi fèsì. Yèyé rẹ́rìn-ín.

"Bàbá kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kú nígbà tí kò sí nílé. Fíìmù náà kò ní ẹ̀rín kankan nínú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Ẹ̀rín Yèyé dúró lágbede méjì. Ìyá mi, tó ń gbé omi ìfọwọ́ bọ̀, dúró. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ omi náà síwájú àlejò, ó ní, "Ẹ fọwọ́, sà," ó sì gbé iyán kúrò níwájú ọkùnrin náà pẹ̀lú òkèlè tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Múyìwá wo òkèlè náà, ó wo ìyá mi, ó gbé e mì ní gbígbẹ.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" bàbá mi bi í.

"Gbogbo àwọn tó mọ ẹkún sun ni mo ti dán wò. Wọ́n ń sun ún jù."

Mo ní láti sọ ti àbúrò mi báyìí. Tìmí la ń pè é. Ó sanra, kò ṣeé bá jẹun nínú abọ́ kan náà, a sì máa pa irọ́ tó dùn-ún gbọ́. Ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí ni ibà mú un, nígbà tí bàbá mi wà ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń ya eré kan. Ìyá mi gbé e ó di Ìjerò, ṣùgbọ́n ibà náà yára ju ọkọ̀ lọ. Ní ilẹ̀ wa, a kì í pẹ́ sin ọmọdé, òbí rẹ̀ kì í sì í débẹ̀. Nígbà tí bàbá mi fi dé, gbogbo rẹ̀ ti parí. Àwọn èèyàn jókòó sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ará àdúgbò, wọ́n dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò wọn. Bàbá mi, tí wọ́n ti sọ fún lójú ọ̀nà, wọlé pẹ̀lú báàgì léjìká, búrẹ́dì tó rà ní Iléṣà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ etí ẹní, ó sì ṣubú. Èmi mọ gbogbo ìṣubú rẹ̀, èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, bàbá mi gbójú sókè láti ilẹ̀, ó wo gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ má bínú, mo rò pé ibùsùn mi ni." Ọ̀ọ̀dẹ̀ dà rú. Àwọn àgbà ìjọ ń lu itan. Ìyá mi wà ní yàrá, ilẹ̀kùn kò sì dí ohùn.

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í dárúkọ Tìmí nínú ilé wa. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, lójoojúmọ́ ni àwọn obìnrin ń wá bá ìyá mi jókòó, wọ́n ń dì í mú, wọ́n ń bá a sunkún. Tí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á gbá bàbá mi léjìká, wọ́n á ní, "Tanwíjí, sọ nǹkan kan kí ìyàwó rẹ lè rẹ́rìn-ín." Kò sẹ́ni tó kí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti padà sí Ìbàdàn lọ parí eré tó ń ṣe. Mo wo eré náà nígbà tó jáde. Ó já sínú kòtò ẹlẹ́rẹ̀ níbẹ̀, ó sì dára púpọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Múyìwá lọ tán, tí bàbá mi sì ti gbà fún un, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹkún tí o kò sun nílé," ó wí, "kámẹ́rà lo fẹ́ lọ sun ún fún." Ìyá mi máa ń fi ẹ̀yin bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá ti fi ìwọ bá a sọ̀rọ̀, àwọn ewúrẹ́ pàápàá máa ń kúrò lójú ọ̀nà.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìbànújẹ́. Gbogbo ilé wa dákẹ́. N kò gbọ́ gbì mọ́ láàárọ̀, n kò sì ṣa òkúta mọ́. Ó máa ń jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn, ìwé eré lórí itan, ó ń gbìyànjú. Yèyé kọjá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú igi ìdáná lórí, ó dúró wò ó.

"Èsékíẹ́lì, kí ló ṣe ọ́?"

"Mò ń banújẹ́ ni, Yèyé."

Yèyé tún wò ó. "O jọ ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n."

Ibì kan wà nínú eré náà tí bàbá yóò ti gbé òkú ọmọ rẹ̀ lé itan. Èmi ni ó fẹ́ fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n Yèyé ní ọmọ kankan kò ní ṣe òkú nínú ulé òun nígbà tí òun ṣì wà láàyè, ó sì lọ gbé uṣu ńlá kan wá látinú àká. Wọ́n fi ìró wé iṣu náà. Bàbá mi gbé e mọ́ra, ó ń wò ó, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń pè é ní ọmọ dáadáa. Èmi àti Yèyé jókòó sórí pẹpẹ, a ti ṣèlérí pé a kò ní rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ kan wá, ó gbóòórùn iṣu náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìró rẹ̀. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ lé e láìjáwọ́ nínú ìbànújẹ́. Yèyé dìde, ó ní òun ń lọ tọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi tó ń lọ, ó dì mọ́ ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ bàbá mi, ó bẹ ẹ́, ó sì gún un. Iyán náà dùn. Ìyá mi kò jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tí kò rí i ṣe nílé, bàbá mi pinnu pé òun á lọ wo bí ọkùnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣe máa ń jókòó. Àgbẹ̀ kan ní Odò-Ọwà, tí òun àti Yèyé jọ ń ta kòkó fún oníbàárà kan náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ìyàwó rẹ̀. Bàbá mi gbé mi sẹ́yìn alùpùpù, a lọ kí i. Lójú ọ̀nà, ó ṣàlàyé fún mi pé òun kò ní sọ nǹkan kan, òun á kàn jókòó sí kọ̀rọ̀, òun á máa wo ọwọ́ ọkùnrin náà. A wọlé, ó jókòó sí kọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí i. Ó gbé ojú sílẹ̀. Ó tún gbé e sókè, ẹnu rẹ̀ ti ń fẹ̀. "Háà," ó wí, "ẹ bá mi pe àwọn ọmọ yẹn, kí wọ́n wá wo ẹni tó wá kí wa." Bàbá mi kò tíì la ẹnu rárá tí gbogbo yàrá fi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ń lọ, ọkùnrin náà sìn wá dé ìta, ó di ọwọ́ bàbá mi mú, ó ní, "Ọlọ́run á san án fún ẹ. Láti ìgbà tó ti kú, n kò rẹ́rìn-ín rí." A gun alùpùpù títí a fi rí òrùlé Ìpótì. Nígbà náà ni bàbá mi wá sọ láìwẹ̀yìn pé, "Fúnkẹ́, ojú yìí ti di wàhálà."

Mo ti dàgbà báyìí, èmi náà ti ń bá ojú tèmi jà nínú dígí, nítorí etí yẹn wà lára mi. Ohun tí mo rò nígbà yẹn ni pé bàbá mi ti ní orúkọ, oúnjẹ wà nílé, kí ló ń wá nínú ẹkún? Mo rò pé eré ló ń kọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ìyá mi ń bẹ iṣu ní ẹ̀yìnkùlé, èmi sì ń fọ abọ́ lẹ́bàá ògiri. Bàbá mi wá gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, èmi náà sì fọ abọ́ kan náà títí.

"Ìyá Fúnkẹ́, n kò mọ̀ ọ́n ṣe," ó wí.

"Kí ni?"

"Bàbá inú ìwé yẹn. N kò mọ bó ṣe yẹ kí ó wọlé."

"Kò ní mú wọn rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Bàbá mi mú èèpo iṣu kan nílẹ̀, ó ń fà á ya. "Nígbà tí mo wọlé lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn gbójú sókè. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń wò mí kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹnu wọn ti là sílẹ̀. N kò ní nǹkan mìíràn lára tí mo lè fún wọn."

"Èmi náà ń retí ohun tí wàá fún mi ní yàrá."

"Mo mọ̀."

"O kò mọ̀. O wọlé wá bá mi, o jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, o ní búrẹ́dì wà níta." Ìyá mi kò gbé ọ̀bẹ kúrò lára iṣu. "Búrẹ́dì, Èsékíẹ́lì." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

"Òun ni mo rà á fún," bàbá mi wí. "Ó ní kí n rà á bọ̀. Ó wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ẹni tí mo lè gbé e fún."

Ìyá mi ń bẹ iṣu náà lọ, ó ti bẹ èèpo rẹ̀ tán tipẹ́, ó ń bẹ iṣu gan-an, títí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò fi ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ. Ebi pa gbogbo wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Yèyé sì bèèrè títí ohun tó jẹ iṣu.

Àwọn tó fẹ́ ya fíìmù dé nígbà tí ilé-ìwé wà ní ìsinmi. Múyìwá ti fẹ́ràn ilé wa, pàápàá ẹ̀yìn rẹ̀ tí a kò rẹ́, ó ní ibẹ̀ jọ ibi tí ìyà ti ń jẹni. Yèyé kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ igi ọsàn, wọ́n na wáyà káàkiri, wọ́n sì tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀ fún àwọn òṣèré tó fẹ́ ṣe alábàáṣọ̀fọ̀. Ohun tí bàbá mi fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà ni pé kí ó wọlé láti ìrìn àjò, kí àgbà kan sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti kú, kí ó bú sẹ́kún, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí Ọlọ́run. Gbogbo Ìpótì ti gbọ́. Wọ́n wà lórí ògiri, wọ́n wà lórí igi gúáfà, wọ́n ti gbé àga wá láti ilé wọn.

Múyìwá ní kí ó máa bọ̀. Bàbá mi yọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì léjìká, igi gúáfà sì bú sẹ́rìn-ín. Múyìwá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí ó má bínú. Bàbá mi tún yọ, obìnrin kan tó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ta jáde bí ẹran tó já okùn, gbogbo ògiri bá a. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ń gbìyànjú o, mo rí wọn, omi ń bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn alábàáṣọ̀fọ̀ náà, tí wọ́n san owó fún láti máa sunkún, ti ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, Múyìwá fa ọmọọṣẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ó bá òun pe òṣèré kan ní Òṣogbo bóyá ó ráyè. Ó rò pé ohùn òun kò dé ibì kankan. Bàbá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo bàtà rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo rí i tó ń tijú.

Ìyá mi kò tíì jáde láti àárọ̀. Ó ní kò sí ohun tó kàn òun nínú rẹ̀. Ó jáde wàyí, ó sì dúró sí àárín àgbàlá pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Gbogbo kíláàsì," ó wí.

Kò pariwo. Kò nílò rẹ̀. Ìdajì àwọn tó wà lórí ògiri yẹn ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdajì yòókù sì ní ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dákẹ́.

"Ẹ di ojú yín."

Wọ́n dijú. Àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n dijú, àwọn ìyálọ́jà dijú. "Sùnkànmí, tó wà lórí igi, mo rí ọ. Ojú méjèèjì ni mo wí." Sùnkànmí, tó ti bí ìbejì, tó sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, di ojú kejì. Àwọn alábàáṣọ̀fọ̀ dijú. Múyìwá gan-an dijú kí ó tó rántí pé òun ló ń darí. "Ẹni tó bá lajú kí n tó wí, èmi àti ẹ̀," ìyá mi wí, ó sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà.

Èmi náà dijú, mo sì gbọ́ bàtà bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí òṣèré àgbà náà sọ fún un pé ọmọ ti lọ. N kò gbọ́ gbì. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn yẹn náà. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó jókòó, ẹní sì dún lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ó jẹun?"

Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ìwé eré.

"Ṣé ó jẹun kí ó tó lọ?"

"Ó jẹun," ohùn ìyá mi wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. "Ó mu ẹ̀kọ díẹ̀. Ó bèèrè rẹ."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní o ti dé Ẹ̀fọ̀n. Mo ní o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé."

Mo mọ gbogbo ẹkún tí bàbá mi ń sun nínú fíìmù, èyí tó ń dún bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti èyí tó ń dún bí ọkọ̀ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Èyí tí mo gbọ́ yìí kò sí lára wọn. Ó kéré, bí ẹni tí omi há lọ́fun. Mo lajú. Ó jókòó sí etí ẹní, ó ti tẹ ọrùn gígùn yẹn sílẹ̀ pátápátá, etí rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n. Gbogbo ìlú yí i ká pẹ̀lú ojú dídì. Ìyá mi nìkan ló ń wò ó, kò sì ṣẹ́jú.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Láti ibi tí Yèyé jókòó sí, ó bèèrè pé, "Ṣé ká lajú?"

"Rárá, Yèyé," ìyá mi wí.

Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ẹni tó ń tọ́jú ohùn ní Ìbàdàn fẹ́ yọ ohùn obìnrin tí kò hàn yẹn kúrò, Múyìwá sì ní òun á kọ́kọ́ yọ òun náà kúrò níbi iṣẹ́. Báyìí ni ìyá mi ṣe wà nínú fíìmù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Yèyé bínú. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n yà, ewúrẹ́ rẹ̀ kan péré ló hàn. Nígbà tí fíìmù náà jáde sórí siidíì, àwọn kan ní Arámọkọ gbé e padà fún ẹni tó tà á, wọ́n ní kò ṣiṣẹ́, àwọn wò ó títí, àwọn kò rí ẹ̀rín. Àwọn mìíràn wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì pa tẹlifíṣọ̀n. Bàbá mi kò wò ó rárá. Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú láàárọ̀, èmi náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ní ọjọ́ ọjà kan lẹ́yìn rẹ̀, àwa mẹ́ta lọ ra ẹ̀gúsí. Ìyá mi ń lọ níwájú, nítorí pé ẹni tó bá ń bá Tanwíjí rìn lọ́jà kì í tètè délé. Ìyá arúgbó kan tó wá láti ìlú Ara jókòó ti ọjà rẹ̀. Nígbà tó rí bàbá mi, ó dìde. Ó pẹ́ kí ó tó dìde tán. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ kan mú.

"Ọmọ mi," ó wí, "kú ìrọ́jú. Mo wò ọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ ọmọ mi. N kò lè jẹun. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí irú rẹ̀ mọ́."

Àwọn tó wà nítòsí ti yíjú sí wa. Mo rí ẹnu wọn tó ń là sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń dúró dè é. Ìyá mi náà ti dúró, ó sì yí padà. Adérónkẹ́ ni ọmọ inú fíìmù yẹn ń jẹ́, gbogbo ọjà ló mọ̀.

"Kí lo sọ ọmọ náà?" ìyá arúgbó náà bèèrè.

"Ẹ ṣé, Màmá," bàbá mi wí. "Tìmílẹ́yìn ni."

"Tìmílẹ́yìn," ó tún un pè. Ó sún agbọ̀n ẹ̀gúsí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì òun. Bàbá mi jókòó. Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì wá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní kú ìrọ́jú. Ẹlòmíràn wá lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú yẹn, pẹ̀lú etí yẹn, wọ́n sì ń gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Ìyá mi padà wá láti iwájú. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó wo bẹ́ǹṣì náà, ó ní kí bàbá mi sún, ó sì jókòó tì í.